Oríkì Tí Mo Fi Hú Òkú Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó ṣẹ́ mi lépè. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, mi ò sọ ọ́ fún ààfáà, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì sí ibi tí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Àwọn dókítà ti ní ká máa gbé e lọ sílé, ẹ̀yin náà sì mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Bó bá lọ láìgbọ́ ọ, kò tún sí ẹni tí mo lè jẹ́wọ́ fún. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu mi. Èmi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ìtàn nílé ìwé girama mọ̀ mí dáadáa. Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ.

Ilé ńlá kan ní Bẹyẹrúnkà ni wọ́n fẹ́ mi sí. Ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, nítorí náà mo fún gbogbo wọn ní orúkọ ẹ̀yẹ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, ni mo sọ ní Eyínfúnjowó. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́. Ohun tó ń gba àárín eyín náà jáde ni kò funfun. Ó ti kó kúrò nílé ọkọ tirẹ̀, ó padà wá ń gbé nínú yàrá ìyá wọn, àwa ìyàwó ilé ló sì ń kanra mọ́.

Lọ́jọ́ ìkómọ Tàjú, ọmọ mi kan ṣoṣo, Eyínfúnjowó gbé ọmọ náà sókè lójú gbogbo èrò. Ó yí orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi wo etí ọmọ yìí o. Mo wò ó títí, mi ò rí etí bàbá wa níbẹ̀. Etí ta ni ìyàwó gbé wá bá wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò gbé Tàjú lẹ́sẹ̀ mọ́. Ó ń bọ́ ọ, ó ń rán an nílé ìwé, àmọ́ bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ aládùúgbò ló ṣe ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tó fi kú, Tàjú ṣì kéré. Mi ò yan àlè rí láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́.

Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn àpótí Bọ́mà. Bàbá ọkọ mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Sójà, wà lára àwọn tí òyìnbó kó lọ jagun Hitler ní Bọ́mà. Wọ́n ní nígbà tó dé, ó gbé àpótí irin kan sọ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè, àpótí náà sì wúwo débi pé àwọn alágbàárù ń pààrọ̀ rẹ̀ fún ara wọn, òógùn ń bọ̀ lára wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e gba Ọjà'ba kọjá. Gbogbo ọjà ló rí i. Kí ló tún lè wúwo tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe wúrà tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun Jàpáànù? Baba Sójà kú láìsọ ibi tó fi í sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé ti ń fi ọwọ́ gbá ògiri, tí wọ́n ń tẹ́tí gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ṣófo. Bí ewúrẹ́ bá fẹsẹ̀ ha ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹnìkan á lọ wo ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Mọ́gàjí, tí í ṣe olórí ẹbí wa, ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ lo kàwé ìtàn. Bá wa tọpa ọ̀rọ̀ àpótí yìí. A ò fẹ́ kí wúrà bàbá wa di àlọ́ ìjàpá."

Mo gbà á, mo sì ṣe é tọkàntọkàn. Mo lọ sílé ìkàwé, mo ka ohun tí àwọn òyìnbó kọ nípa ogun náà. Mo lọ bá àwọn àgbà láti Bẹẹrẹ dé Mápó. Kò sí agbo ilé tí kò ní wúrà tirẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ti àwọn kan, ìkòkò iyùn ni, tí jagunjagun bàbá wọn rì mọ́lẹ̀ nígbà tí òyìnbó ń gba ìbọn kiri. Ti àwọn mìíràn, owó fàdákà ni, tí ajẹ́lẹ̀ kan fi sábẹ́ òpó Gbọ̀ngàn Mápó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Nígbà tí mo bá wá walẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo máa ń rí i pé níbi tí ìtìjú bá wà gan-an ni wọ́n ti ń sọ pé wúrà wà. Jagunjagun tí wọ́n ní ó rì iyùn mọ́lẹ̀, òfìfo ló bọ̀ láti ojú ogun. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn. Mi ò tíì ní èrò ibi kankan nígbà náà.

Ní Kúdẹtì ni mo ti rí òótọ́. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, opó ọkùnrin tí òun àti Baba Sójà jọ lọ sógun, tí wọ́n sì jọ dé lọ́jọ́ kan náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Nígbà tí mo dárúkọ àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, wúrà wo? Òkúta ojú irin ni o. Èmi ni mo lọ pàdé ọkọ mi ní rélùwéè lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe. Kúbùsù kan àti bàtà kan ló wà nínú àpótí Sójà. Ó ní òun ò ní gbé àpótí fúyẹ́fúyẹ́ gba Ọjà'ba kọjá, kí àwọn tí kò lọ sógun máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ló bá ń ṣa òkúta sínú rẹ̀. Èmi náà bá a ṣà á."

Mo bi í léèrè ibi tí àpótí náà wà. Ó ní Baba Sójà da òkúta sínú ṣáláńgá díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé àpótí fún alágbẹ̀dẹ, ó fi rọ ọkọ́. Ọkọ́ tó fi roko títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, àpótí Bọ́mà ni. Ìyá náà dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Má sọ fún wọn o. Ọkùnrin yẹn sunkún níbi tó ti ń ṣa òkúta. Jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rò ó." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ṣaláìsí. Ó wá ku èmi nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún Mọ́gàjí. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí mo ṣe ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọ agbo ilé, Eyínfúnjowó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Tàjú ń bá a pọnmi. Mo gbọ́ tó ń pe ọmọ mi pé, "Elétí àjèjì, yára o, àgbá ò tíì kún." Tàjú sì ń dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà á." Ó ti mọ́ ọn lára. Ó rò pé orúkọ òun nìyẹn.

Mi ò sọ nǹkan kan fún Mọ́gàjí lọ́jọ́ náà. Mo ní mo ṣì ń wádìí.

Bí mo bá sọ fún wọn pé inú ìwé ni mo ti rí ibi tí wúrà wà, wọ́n á ní kí n mú ìwé náà wá. Ṣùgbọ́n oríkì, ta ní ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ kì í? Nílé wa, ọwọ́ àwa ìyàwó ni oríkì wà. Àwa là ń fi í jí ọkọ, àwa là ń fi í wẹ ọmọ. Àwọn ọmọ bíbí ilé kò mọ̀ ọ́n kì, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n gbọ́, orí wọn á sì máa wú. Ohun tí ìyàwó bá kì fún wọn, wọ́n gbà pé bàbá wọn ló sọ ọ́.

Àwọn ọmọ kéékèèké máa ń tò sẹ́yìn kànga láàárọ̀, èmi náà a sì máa bá àwọn ìyá wọn wẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ń fi kànrìnkàn ha wọ́n lẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n báyìí:

Ọmọ Sójà, ọmọ arógun-má-sàá,
Ọmọ a-ti-Bọ́mà-bọ̀-ọjà-dúró-wò,
Ó gbé irin kalẹ̀, kò fi han aya,
Abẹ́ ẹní àkọ́bí obìnrin ló fẹ̀yìn wúrà tì.

Ìlà méjì àkọ́kọ́, àwọn ìyá wa ló ni wọ́n. Ìlà méjì tó kẹ́yìn, èmi ni mo hun ún. Àkọ́bí Baba Sójà lóbìnrin ni Eyínfúnjowó. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n sin síbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sin àgbà sínú yàrá rẹ̀ nílé wa, ọmọ rẹ̀ sì tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ nítorí kò fẹ́ jìnnà sí i. Ìyá yẹn kò ṣẹ̀ mí rí. Òun ló wẹ Tàjú. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ etí. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì ń kì í lọ láràárọ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń fi í ṣeré. Bí ìyàwó mìíràn bá bi mí léèrè ibi tí mo ti gbọ́ ọ, màá ní, "Ṣé kì í ṣe báyìí ni Ìyá Àgbà ṣe ń kì í ni?" Ìyá Àgbà yìí ni ìyálé gbogbo wa, orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń gbàgbé nǹkan. Nígbà tí wọ́n lọ bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Iléyá kan, bí Mọ́gàjí ṣe ń bọ̀ láti yídì, Ìyá Àgbà dúró níwájú rẹ̀, ó kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó fi ìlà méjèèjì tèmi sí i. Ó ní ìyálé tirẹ̀ ló fi kọ́ òun. Kò purọ́. Ó ti dá a lójú bẹ́ẹ̀.

Mọ́gàjí dúró sójú kan. Ó ní kí ó tún un kì. Ó tún un kì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n pè mí síwájú gbogbo ẹbí.

"Ìyàwó, ìwọ tó ń ṣe ìwádìí, kí lo rí sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Baba, kí ni ìwé mọ̀? Ohun tí àwọn ìyá wa bá ti kì, ìwé kan ò lè já a ní koro."

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, mi ò parọ́ kan lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn.

Ààfáà ilé sọ fún wọn pé a kì í yọ òkú Mùsùlùmí lẹ́nu. Wọ́n wá ààfáà mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé gbé ṣọ́bìrì àti dígà dé. Eyínfúnjowó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ibojì ìyá rẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ òun. Mọ́gàjí ní kí wọ́n gbé e. Wọ́n gbé e jáde bí ẹni gbé àpò gaàrí, gèlè rẹ̀ já sílẹ̀. Ó rí mi lẹ́bàá ògiri. Ó fà mọ́ ìró mi.

"Ìyàwó, ìwọ tó kàwé, wọ́n á gbọ́ tìẹ. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìyá ọkọ ẹ ni o!"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ta ni mo jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé yín? Ìyàwó lásán ni mí. Mi ò tiẹ̀ mọ etí ta ni mo gbé wá bá yín."

Ó jọ̀wọ́ ìró mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, mi ò ní í parọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo lọ po ògì fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Tàjú jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó ń sunkún, mo pè é wọlé, kò dìde.

Wọ́n kan egungun. Wọ́n kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi ẹní ìkírun bò ó, wọ́n gbé e ti ògiri pé bí àwọn bá rí wúrà tán, àwọn á tún un sin tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Wọn ò rí wúrà. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n gbẹ́ dé ìdí ògiri. Ilé alámọ̀ ni. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ògiri yàrá náà sì ya lulẹ̀ sórí àpò yẹn àti ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Kò pa ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ìdajì ilé sán, gbogbo wa sì ní láti kó jáde. Èmi àti Tàjú gba yàrá sí Òkè-Àdó. Nígbà tí Mọ́gàjí fi máa ṣe ètò àtúnkọ́, ó bá àwọn onítípà sọ̀rọ̀, wọ́n kó amọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó rántí àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Eyínfúnjowó ló rántí. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ onítípà kan sí òmíràn ní gáréèjì, ó ń bẹ̀ wọ́n pé níbo ni wọ́n da ẹrù Bẹyẹrúnkà sí. Ọ̀kan ní àwọn fi dí ọ̀gbun. Òmíràn ní ẹnìkan rà á fún ilé tó ń kọ́. Wọ́n ní wèrè ni. Ó ń sùn lọ́ọ̀dẹ̀ ẹlọ́ọ̀dẹ̀, títí Tàjú fi rí i lórí àtẹ̀gùn Mápó, tó sì mú un wá sílé fún mi. Kí ni mo máa sọ? Mo ní kó wọlé.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Òun ló se oúnjẹ tí Tàjú jẹ tó fi di ọkùnrin. Lọ́jọ́ kan, ó ní ká mú òun lọ sọ́dọ̀ Mọ́gàjí. Lójú gbogbo ẹbí, ó ṣí gèlè lórí, ó ní, "Etí bàbá mi ni etí Tàjú. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi nílé ọkọ ni, inú ń bí mi sí ìyàwó tó bímọ. Mo purọ́ mọ́ ọn, àbúrò mi sì gbé irọ́ mi lọ sí sàréè." Ó yíjú sí mi, ó ní kí n dárí ji òun nítorí Ọlọ́run. Mo ní mo ti dárí jì í. Ó jẹ́wọ́ tirẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀. Èmi ò lè jẹ́wọ́ tèmi nínú ilé mi. Mo kórìíra rẹ̀ fún ìyẹn ju bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ etí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí nìyí. Ó ti mọ̀ pé irọ́ ni oríkì yẹn. Ó ní ìyá òun kò kì í bẹ́ẹ̀ rí, pé ẹnìkan ló hun ún. Kò mọ ẹni náà. Láràárọ̀, bó bá kírun àsùbáà tán lórí ibùsùn, ó máa ń tẹ́wọ́, ó á ní, "Ẹni tó sọ egungun ìyá mi di ẹrù típà, Ọlọ́run, má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí òkú tirẹ̀ sin. Kí ọmọ náà sọnù sọ́nà bí ìyá mi ṣe sọnù." Á wá ní kí n ṣe àmín. Mo sì máa ń ṣe é. Kí ni kí n sọ pé ó dé tí mi ò ṣe é?

Èpè ẹni tó ń kú lọ kò ṣé fi ṣeré. Bí mo bá sọ fún un, bóyá á ká a kúrò. Bóyá á sì dárúkọ mi mọ́ ọn, kó tó dákẹ́. Bí mo bá sì sọ ọ́, Tàjú á gbọ́, kò sì sí ẹni tí Tàjú fẹ́ràn láyé yìí tó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ kò tó o.

Láàárọ̀ yìí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́. Ó ní kí Tàjú wá jókòó ti òun kó tó lọ síbi iṣẹ́, kó bá òun sọ àdúrà náà jáde. Ọmọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń tún un sọ tẹ̀lé e, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi parí. Ó fi tọkàntọkàn ṣe àmín, ó nu omi ojú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yíjú sí mi, wọ́n ń dúró de àmín tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, kí ni kí n ṣe?